Ọwọ́ Rẹfirí

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é. Kírénì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, bí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé èèyàn: láti orí ibùsùn sí orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, láti orí kẹ̀kẹ́ sí orí tábìlì tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun, kí ó tún gbé wọn padà. Ohun tó jẹ́ iṣẹ́ ọkùnrin méjì, òun nìkan a dá a ṣe. A ti apá kan bọ abẹ́ èjìká, a ti èkejì bọ abẹ́ orúnkún, a fa èémí sínú, aláìsàn á sì ti dé ibi tó ń lọ kó tó rántí pé ó yẹ kí òun ké. Àwọn arúgbó a máa bèèrè rẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá gbé èèyàn kalẹ̀, àfi bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀.

Tí iṣẹ́ bá parí, irin ló ń gbé. Iyàrá gbọọrọ kan wà lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹkáníìkì, páànù ni òrùlé rẹ̀, pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, òórùn òógùn àti ti epo ọkọ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Kóòṣì ti ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ gbé irin. Ọkùnrin àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí o bá ṣe dáadáa, a ní, "Hẹ̀n." Bí o kò bá ṣe dáadáa, a tún ní, "Hẹ̀n," ṣùgbọ́n wàá mọ ìyàtọ̀.

Ọdún gorí ọdún ni Kírénì fi gbé irin nínú iyàrá yẹn kí wọ́n tó pè é síbi ìdíje tí wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, kò ní í wọlé mọ́, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin eré náà kò ṣòro. Rẹfirí mẹ́ta a jókòó níwájú pèpéle. Bí o bá ti gbé irin kọjá orí, tí apá méjèèjì nà gbọọrọ, tí ẹsẹ̀ sì ti dúró, iṣẹ́ kò tíì parí. O ní láti wà bẹ́ẹ̀, láìmira, títí rẹfirí tó wà láàárín yóò fi gbé ọwọ́ tó nà sókè wálẹ̀. Títí ọwọ́ náà yóò fi wálẹ̀, ohun tí o gbé kò tíì di gbígbé. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ eré náà lánàá mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó kan Kírénì fún ìgbìyànjú ìkẹyìn, wọ́n gbé irin tí kò gbé rí sórí ọ̀pá fún un. Ó fi ẹfun ra ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin náà wá sí àyà rẹ̀ bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́. Ó sinmi díẹ̀, ó gún ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tì í lọ sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n ń hó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàárín wọn, ó gun orí àga, ó ń pariwo orúkọ tí ìyá wọn sọ ọ́.

Kírénì ń wo iwájú. Ó rí rẹfirí àárín, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́, ó wọ kóòtù dúdú, ó na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà ṣì wà lókè. Kírénì rí i, kedere, bí èèyàn ṣe ń rí ìka ara rẹ̀. Ó sì ju irin náà sílẹ̀.

Iná pupa tó ń sọ pé kò yege tàn lójú pátákó. Òmíràn tàn. Ẹ̀kẹta náà tàn.

Gbọ̀ngàn tó ń hó pa rọ́rọ́, bí ìgbà tí wọ́n da omi sí iná.

Ẹ̀gbọ́n Kírénì jẹ́ onígbàjámọ̀. Bàbá wọn kú nígbà tí Kírénì ṣì ń rákòrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ìyá náà sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹ̀gbọ́n yìí ló fi abẹ àti òòyà tọ́ ọ dàgbà. Òun ló sanwó ilé ẹ̀kọ́, òun ló bá a wá iṣẹ́ ọsibítù. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, tó máa ń wọ aṣọ mímọ́, tí orí tirẹ̀ alára ti pá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa ní, ẹni tí kò ní irun ló mọ iyì irun. Òun ló kọ́kọ́ wọ yàrá ìmúra lọ́jọ́ yẹn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kírénì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi táwẹ́lì bo orí.

"Wọ́n yàn ẹ́ jẹ!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Obìnrin yẹn ò sọ ọwọ́ kalẹ̀! Ó gbàgbé ọwọ́ ẹ̀ sókè bí ẹni ń dá mọ́tò dúró! Ṣí táwẹ́lì yẹn. Wò mí. Ṣé ọwọ́ ẹ̀ ò pẹ́?"

Kírénì ṣí táwẹ́lì. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pọ́n, omi ti lé sí i, ohun tí kò sì rí rí nìyẹn, àní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá wọn.

"Ó pẹ́," ni Kírénì wí.

"Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé apá ẹ ò lè já mi kulẹ̀!" Ó yíjú sí Kóòṣì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kóòṣì, ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́."

"A óò kọ ìwé ẹ̀sùn. Ṣé ẹ óò bá wa fọwọ́ sí i?"

Kóòṣì ń ká bándéèjì kan mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u. "Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo dúró sí," ló wí níkẹyìn. "Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo rí. Kò gbọ̀n rárá."

Ẹ̀gbọ́n rò pé ìyìn ni, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan!" Kírénì nìkan ló mọ ohun tí Kóòṣì sọ. Ó fi táwẹ́lì bo orí padà.

Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ di ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà jókòó níbẹ̀, ó ń sanra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹfirí pẹ́ díẹ̀ ni. Kò pẹ́, wọ́n ní rẹfirí ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní ó ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tó yá, rẹfirí ti sùn lọ.

"Báwo ló ṣe sùn, tí ọwọ́ ẹ̀ wà lókè?" ni ẹnì kan bèèrè.

"Ṣé o ò rí àwọn tó ń sùn lórí ìdúró nínú bọ́ọ̀sì? Ọwọ́ wọn kọ́ ló wà lókè?"

Ẹ̀gbọ́n a dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró, a na ọwọ́ tirẹ̀ sókè láti fi bó ṣe rí hàn wọ́n, a sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkùnrin tó wà lórí àga, tí wọ́n ti gẹ ìdajì orí rẹ̀, á fi kígbe: "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi parí orí tèmi ná kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ rẹfirí!"

Wọn á rẹ́rìn-ín. Kírénì a rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín náà a dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé òkúta mì.

Ìwé ẹ̀sùn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbérin. Wọ́n ní kí rẹfirí náà lọ rọ́kún nílé ná títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Bí ẹ̀sùn bá jóòótọ́, wọn yóò gba iṣẹ́ rẹfirí lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, wọn yóò sì jẹ́ kí Kírénì tún irin náà gbé. Ẹ̀gbọ́n mú ìdáhùn wọn wá sílé Kírénì, ó ń jó wọlé bí ẹni tó ti rí oyè. Kírénì ní, "Ẹ̀gbọ́n."

"Hẹ̀n?"

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.

"Kò sí. Ẹ ṣé."

Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, tí òun náà kò sì rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi wí i, ni pé irin náà kò wúwo. Bí ó bá wúwo ni, ìtìjú ì bá kéré. Kò sí ohun tó burú nínú pé ohun tó wúwo wúwo. Irin a máa wúwo nílẹ̀, a máa wúwo láyà. Ṣùgbọ́n lókè, tí egungun bá ti to lé egungun, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ohun tó wúwo lókè ni ojú àwọn èèyàn. Wọ́n ti ń yọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó lè bàjẹ́, òun nìkan ló sì lè bà á jẹ́. Ọwọ́ obìnrin yẹn wà lókè, gbogbo ayé rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ọn, ó sì dà bí ẹni pé kò ní í wálẹ̀ mọ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn, kò fẹ́ borí, kò sì fẹ́ pàdánù. Ó ṣáà fẹ́ kó tán. Bí àwọn eléré ṣe ń ṣubú níbi tó yẹ kí wọ́n ti dúró nìyẹn nígbà mìíràn: kì í ṣe pé agbára tán, ìfaradà ìdúró ló tán. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ wí ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n tó gun orí àga nítorí rẹ̀?

Ní ọsibítù, wọn kò fi yẹ̀yẹ́ bò. Àwọn tó ń gbálẹ̀ a kúrò lọ́nà fún un, wọn á ní, "Ẹ yàgò o, kó má ju nǹkan lé wa lẹ́sẹ̀!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kọjá lọ. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó wá gbé màmá àgbà kan tó ṣubú nílé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Màmá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ni Kírénì?"

"Èmi ni, mà."

"Èyí tó ju irin sílẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Èmi náà ni, mà."

"Ó dáa. Irin ò ní egungun. Tí o bá ju èmi, àwọn ọmọ mi ọkùnrin wà níta, wọn ò sì mọ òfin eré kankan."

Kírénì gbé e. Ó fẹ́ gbé e sórí ibùsùn kejì nígbà tí nọ́ọ̀sì ké pé, "Dúró, dúró! Aṣọ ibùsùn yẹn tutù. Má tíì gbé wọn kalẹ̀." Ó sáré lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ó bèèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, onítọ̀hún ní ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ jẹun. Kírénì dúró. Kò lè gbé màmá náà padà, nítorí pé gbígbé àti gbígbékalẹ̀ ló ń dun egungun, kì í ṣe ìdúró. Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bí ọkọ rẹ̀ ṣe gbé e wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, tó sì fi orí rẹ̀ gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó rò ó, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó dákẹ́, ó fi orí ti àyà Kírénì, ó tòògbé díẹ̀. Nígbà tó lajú, ó ní, "O ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

"Rárá, mà."

Òótọ́ ni. Kò rẹ̀ ẹ́ rárá. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, tó tẹ́ ẹ, tó ní, "Ó yá," Kírénì gbé màmá náà kalẹ̀, màmá náà kò tilẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ṣàdúrà fún un. Kírénì jáde sí kọ́rídọ̀, ó fi orí ti ògiri tútù. Ì bá sàn fún un kí ó ti rẹ apá rẹ̀ ní àárín iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò gbọ́ ẹjọ́ ni rẹfirí wá. Ọ̀sán ni, Kírénì ń ti kẹ̀kẹ́ òfìfo kọjá nínú àgbàlá, obìnrin náà sì dìde lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn alábẹ̀wò máa ń jókòó sí. Láìsí kóòtù dúdú, ó kéré sí bó ṣe rí lọ́jọ́ ìdíje. Ó gbé báàgì tíṣà kọ́ èjìká, ẹfun pátákó ṣì wà létí aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ... ẹ káàsán, mà."

"Ẹ fara balẹ̀, mi ò wá bá yín jà. Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ṣé ọwọ́ mi pẹ́?"

Kírénì di irin kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Mi ò lè bi ẹlòmíràn," ni obìnrin náà wí. "Àwọn méjì tó jókòó tì mí, irin ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kìíní, ó dá mi lójú pé mi ò ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó títí ó fi lọ́jú pọ̀. Nígbà míì mo máa ń rò pé bóyá lóòótọ́ ni mo gbàgbé ara mi. Bóyá èmi náà ń wo irin yẹn bí àwọn tó kù, torí ó dùn ún wò." Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti mọ̀. Tí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè, gbogbo wọn á nawọ́ sókè, wọn ò ní í sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn ń ṣe bíi Tíṣà."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ ìwé yẹn, mà."

"Mi ò bèèrè ẹ̀gbọ́n yín."

Ó ń wò ó lójú. Kì í ṣe ojú ìjà. Ojú aláìsàn ni, tó ń wo dókítà, tó fẹ́ kó sọ ọ́ fún òun bó ti wù kó rí. Kírénì la ẹnu. Láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹnì kan ti kígbe: "Kírénì! Ibo lo wọlé sí? Ẹ bá wa pe Kírénì!"

"Wọ́n ń pè mí, mà," ló wí, ó sì ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sáré. Inú rẹ̀ dùn sí ìpè náà, ó mọ̀ pé inú òun dùn, ìyẹn sì ni kò jẹ́ kó lè jẹun lálẹ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ẹ̀gbọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fi òróró pa orí tó pá títí ó fi ń dán. Wọ́n jókòó tira wọn nínú bọ́ọ̀sì, orúnkún kan orúnkún.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Kírénì wí, "tí mo bá débẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà bá..."

"Má fòyà. Kí lo ń gbọ̀n fún? Ohun tí o sọ fún mi ni kí o sọ fún wọn. Òótọ́ ò ní ẹsẹ̀ méjì."

Kírénì kọjú sí fèrèsé.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà kéré. Alága àti àwọn èèyàn méjì jókòó lẹ́yìn tábìlì, rẹfirí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi báàgì rẹ̀ sórí itan. Kóòṣì wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó fọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n. Alága gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ fojú ara yín rí i ni, àbí wọ́n sọ ọ́ fún yín?"

Kírénì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn òpó ni. Láti ibẹ̀, pèpéle nìkan ni èèyàn lè rí.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, ó fi ojú fún un ní ìgboyà.

"Mo fojú mi méjèèjì rí i," ló wí. "Bí mo ṣe ń rí yín yìí."

Ó jókòó. Wọ́n pe Kírénì.

"Ṣé ọwọ́ rẹfirí pẹ́ kó tó wálẹ̀?"

Gbogbo wọn ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí Kírénì wà ní kékeré, tó bá ń ka ìwé fún un. Ẹ̀rù náà tún dé, èyí tó mọ̀, èyí tó ń sọ fún un pé, ṣáà jẹ́ kó tán. Ọ̀rọ̀ kúkurú kan péré ni yóò parí rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ rí, kò ṣòro. Ó wo rẹfirí. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó, ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni tó ti gbà pé bóyá òun jẹ̀bi.

"Ọwọ́ wọn ò pẹ́," ni Kírénì wí.

Rẹfirí gbé ojú sókè.

"Mo rí ọwọ́ náà lókè, sà. Mo rí i dáadáa. Mo ju irin sílẹ̀ ni."

"Kí ló fà á?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù irin?"

"Rárá, sà." Ó wá ọ̀rọ̀ tó kù, kò rí i. "Kì í ṣe irin."

Alága wo iyàrá náà yíká. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n, ó sì jọ pé kò wù ú láti bèèrè ohun tó fẹ́ bèèrè. "Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá? Ẹ ní ẹ fojú yín méjèèjì rí i."

Kírénì kò lè bojú wẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí àga dún. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún ọ̀fun ṣe, ọkùnrin tí kì í wá ọ̀rọ̀ tì, tó lè fi ẹnu mú kí èèyàn gbàgbé pé abẹ wà lọ́rùn òun.

"Àbúrò mi ni mo rí," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi parí. Wọ́n fagi lé ẹ̀sùn, wọ́n bẹ rẹfirí, wọ́n dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Ipò tó kù nínú àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Rẹfirí gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń lọ, ó dúró níwájú Kírénì.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo wá bá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó dúró bí ẹni pé nǹkan kan ṣì kù. Ó mi orí, ó jáde. Kò dúpẹ́. Kí ni ì bá dúpẹ́ fún?

Kóòṣì kọjá, ó fọwọ́ kan èjìká Kírénì. "Hẹ̀n," ló wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, Kírénì kò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n ti wà níta, lábẹ́ òrùn, ó ń wo títì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun."

"O ì bá ti sọ fún mi nílé."

"Mo fẹ́ sọ ọ́..."

"Nínú bọ́ọ̀sì ńkọ́? Ṣé mi ò jókòó tì ẹ́?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Èmi ni mo bi ẹ́ léèrè lọ́jọ́ yẹn. Ká ní o ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló bà mí,' kí ni mo fẹ́ ṣe fún ẹ? Ṣé mo máa lù ẹ́ ni? Ìgbà wo ni mo lù ẹ́ rí?"

"Ẹ ò lù mí rí."

"O wá jẹ́ kí n lọ purọ́ níwájú àwọn èèyàn, kí o tó sọ òótọ́ lẹ́yìn mi."

Òótọ́ ni, kò sì sí ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí Kírénì lè fi gbe ara rẹ̀. Ó ti gba obìnrin kan sílẹ̀, ó sì ti sọ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà di òpùrọ́. Bí ó bá ti ní ìgboyà díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ìgboyà tí kò ju ti ọmọdé tó fọ́ ife lọ, kì bá ti nílò èyí tó pọ̀ tó báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó dé. Kírénì dúró de èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ láti dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Kírénì gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ń gbálẹ̀ ní ọsibítù pé wọ́n ti ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, pé tó bá ní irun orí ẹnì kan ti gún régé, oníbàárà á ní, "Ṣé ẹ fojú yín méjèèjì rí i?" Ó gbé e yẹ̀ wò lọ́kàn fún ọjọ́ mélòó kan. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù máa ń kún, ó lọ.

Gbogbo àga ló kún. Ẹ̀gbọ́n ń gẹ ọkùnrin sísanra kan, ó rí Kírénì nínú dígí, kò yíjú.

"Ẹ káàsán o," ni Kírénì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọwọ́ rẹfirí pẹ́. Kò pẹ́. Torí pé wọ́n gbà mí gbọ́ ni wọ́n ṣe sọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú òpùrọ́, èmi nìyí."

Wọ́n ń wò ó, bó ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe kún ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan láti igun ní, "Rẹfirí ò wá sùn nìyẹn?"

"Wọn ò sùn."

"Áà! Èmi tí mo ti fi ẹran kan ta tẹ́tẹ́ pé ó sùn!"

Ni ẹ̀rín bá bú jáde. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan ń gbá ẹlòmíràn lẹ́yìn, ọ̀kan dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni gbé irin, ó sì sọ wọ́n kalẹ̀, ó ń ké pé, "Ẹ̀rù bà mí o!" Kírénì dúró, ó jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tó tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn.

"Ó tó," ni ẹ̀gbọ́n wí. Kò gbé orí sókè. "Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó jáde síta. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí."

Ẹ̀rọ ìgẹrun nìkan ló ń dún. Kírénì dúró díẹ̀ sí i, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò sọ ọ̀rọ̀ kan sí òun, ó dáa tàbí kò dáa. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí ọkùnrin sísanra náà síwájú, ó ń to ẹ̀yìn etí rẹ̀ létòlétò, abẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Kírénì jáde. Ó rọra fa ilẹ̀kùn dé, kí ariwo rẹ̀ má baà mú kí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹ̀ lórí ẹni ẹlẹ́ni.